Òòlù Korea wúwo ju ti Amẹ́ríkà lọ

Ẹ̀yin ọmọ Àkúrẹ́ Ọlọ́yẹ́mẹkùn, láti Sátidé lọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn, ẹ jẹ́ n sọ ọ́. Èmi àti àbúrò mi wo fíìmù Oldboy tí Spike Lee, ará Amẹ́ríkà, ṣe ní 2013. Ti Korea, tí Park Chan-wook ṣe ní 2003, mo ti wò ó tó ìgbà mẹ́rin, ká má parọ́, ti Amẹ́ríkà yẹn ò dé ìdí ẹ̀ rárá.

Ìtàn kan náà ni o. Wọ́n jí ọkùnrin kan gbé, wọ́n tì í mọ́ yàrá fún ọdún 15, Spike Lee sọ tiẹ̀ di 20, kò mọ ohun tóun ṣe, ìgbà tó jáde ló wá ń wá ẹni tó ṣe é.

Ibi tí ọkùnrin yìí ti fi òòlù bá ọ̀pọ̀ èèyàn jà ni kẹ́ ẹ bá mi wò. Ti Korea, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró kan, kámẹ́rà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ó ń tẹ̀ lé wọn jẹ́jẹ́, wọn ò gé e, ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi yà á, ìgbà 17 ni wọ́n ṣe é kó tó bọ́ sí i. Choi Min-sik, tó ṣe ọkùnrin náà nínú ti Korea, á lu méjì, mẹ́ta, á dúró, á máa mí hẹlẹhẹlẹ, ọ̀bẹ wà lẹ́yìn ẹ̀, àwọn tó ń bá jà náà á dúró, ó ti rẹ gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ sún mọ́ ẹnì kejì.

Káfíńtà ni bàbá mi. Láti kékeré ni mo ti ń bá wọn kan ìṣó ní ṣọ́ọ̀bù wọn ní Ìsíkàn, mo mọ bí apá ṣe ń rí tí ìṣó bá ti pé ogójì, ọwọ́ á máa gbọ̀n, òòlù á fẹ́ bọ́. Apá yẹn gan-an ni mo rí lára Choi. Josh Brolin, tó ṣe é nínú ti Amẹ́ríkà, sígbọnlẹ̀, ó ṣiṣẹ́, àmọ́ bó ṣe ń ti ìpele kan bọ́ sí òmíràn tó ń là wọ́n mọ́lẹ̀, ijó tí wọ́n kọ́ ọ ló ń jó. Àbúrò mi tí ò tíì rí ti àkọ́kọ́ ló sọ ọ́: "Bọ̀dá mi, kò tiẹ̀ rẹ̀ ẹ́!"

Ti ọ́kítópọ́ọ̀sì, ẹran omi ọlọ́wọ́ mẹ́jọ yẹn, ńkọ́? Choi jẹ ẹ́ láàyè, ní tòótọ́, ẹlẹ́sìn Búdà tó ní láti kọ́kọ́ gbàdúrà. Brolin kàn wò ó nínú gíláàsì, ó kọjá.

Mi ò bú Spike Lee o, ẹni tó ṣe fíìmù Malcolm X kì í ṣẹgbẹ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n Oldboy tó ṣe yìí ò yé dùn mí lọ́kàn.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn náà la fi ti Korea sí i. Ìgbà tó dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo wẹ̀yìn, àbúrò mi ń fọwọ́ òsì ra èjìká ọ̀tún ẹ̀.