Ẹrẹ̀ Etí Gọ́tà

Ọdọọdún ni NiMet, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń sọ bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí, ń kéde bí òjò yóò ṣe rọ̀, kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, oṣù kẹfà, tí ẹrẹ̀ ti wúwo, ni ìjọba máa ń rántí gọ́tà n'Íjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Oṣù kìíní, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ńkọ́?

Wọ́n á wa ẹrẹ̀, wọ́n á kó o jọ sétí gọ́tà kan náà! Wọn ò ní pe típà. Òjò kan péré, gbogbo ẹ̀ ti wọlé padà.

Ti abẹ́ títì ló tún burú jù: gọ́tà fẹ̀ ní mítà kan, páìpù tí wọ́n rì ò ju ìdajì mítà lọ. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà díẹ̀ àti ẹ̀ka igi kan ti tó láti dí i. Omi ò kúkú ní dúró dè wọ́n, ilé onílé ló ń yà sí.

Ìgbà yẹn ni ìrẹsì ìrànwọ́ àti kámẹ́rà ìjọba á wá dé.