Páténtì kọ́ ni wọ́n fi ń wọn àrà

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yìí há mi lọ́rùn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá àwọn kan gbé fọ́ọ̀mù wá bá àbúrò mi tó ń hun aṣọ òkè n'Ílọrin níbí, wọ́n ní àwọn ń wá àwọn oníṣẹ́ tó ń dá àrà tuntun. Èló lẹ ná sórí rìsáàṣì? Ó kọ òdo. Páténtì mélòó lẹ ní, ìyẹn ìwé ìjọba pé ẹ̀yin lẹ ni àrà yín? Òdo. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n gun ọ̀kadà, ó parí.

Bẹ́ẹ̀ ọmọ yìí kan náà ni kì í hun aṣọ ìyàwó mọ́ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ hun pẹ́ńpẹ́, á yà á ní fọ́tò, á fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, tí wọ́n bá ní ó dáa ló máa tó na òwú tó kù. Tẹ́lẹ̀ ńkọ́? A ó hun ún tán pátápátá kí ìyá ìyàwó tó ní àwọ̀ tóun wí kọ́ nìyí, ìjà dé nìyẹn. Ìjà yẹn ti tán nílé wa. Ṣé ìyẹn kì í ṣe àrà ni?

Àwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀ gan-an ò fi mọ sí páténtì. Oslo Manual, ìwé ìlànà bí wọ́n ṣe ń wọn àrà tuntun, tí OECD (àjọ ọ̀rọ̀ ajé àwọn orílẹ̀-èdè kan) àti Eurostat (iléeṣẹ́ oníṣirò Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù) ń tẹ̀ lé, tó kọ́kọ́ jáde ní 1992, èyí tí wọ́n tún ṣe ní 2018 ní kó ṣáà jẹ́ ọjà tàbí ọ̀nà ìṣiṣẹ́ tó yàtọ̀ gidi sí ti tẹ́lẹ̀, kó sì ti di lílò. Páténtì tó wà nínú àpótí, ta ló lò ó? NACETEM n'Ífẹ̀, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìṣàkóso ìmọ̀ ẹ̀rọ, náà ti fi ìlànà yìí ṣèwádìí ní Nàìjíríà o, kì í ṣe nǹkan òyìnbó nìkan.

Ibi tó kọ́kọ́ bí mi nínú nínú ìlànà yìí ni pé tó bá ti jẹ́ tuntun lọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣe é, wọ́n á kà á sí àrà, bí ẹlòmíì tiẹ̀ ti ń ṣe é. Ìyẹn ni pé aládùúgbò wa tó wo àbúrò mi kọ́ fọ́tò yẹn, wọ́n á ka òun náà! Àmọ́ mo rò ó, ìjà ti tán lọ́dọ̀ tiẹ̀ náà kẹ̀. Kí wọ́n ṣáà bi wá lọ́tọ̀ pé ta ló kọ́kọ́ ṣe é ládùúgbò.

Lálẹ́ mo sọ fún un pé òfì fífẹ̀ tó fi pákó kàn lọ́dún tó kọjá, tí òwú ń já lórí ẹ̀ ṣáá tó fi pa á tì, owó ẹ̀ náà yẹ kó wọnú fọ́ọ̀mù yẹn. Ó wò mí.

"Bùrọ̀dá, kí ló dé tí wọn ò wá bi mí pé èló ni mo ra pákó?"