Kì í ṣe gbogbo nǹkan tó ń rìn lára ògiri lẹ máa fi bàtà là!

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta, ẹ jẹ́ n sọ ọ̀rọ̀ yìí jáde kó má bàa pa mí sínú. Ṣé ó nira tó bẹ́ẹ̀ ni kéèyàn wo kòkòrò inú ilé ẹ̀ lójú kó tó pa á ni? Ohunkóhun tó bá ti ń rìn, kò sẹ́ni tó máa wò ó lẹ́ẹ̀mejì, bàtà ti dé, gbàà! Ọ̀kùn tí ò lè bu ẹnikẹ́ni jẹ, tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá ti fọwọ́ kàn án báyìí á ká jọ ni, iyọ̀ ni wọ́n á lọ gbé tí wọ́n á dà lé e lórí, tí wọ́n á máa pariwo tanísánkó, tanísánkó! Tanísánkó pẹlẹbẹ, eré ló ń sá, òun ló ń jẹni. Ọ̀kùn ń fà lọ jẹ́jẹ́ ẹ̀. Àwọn méjèèjì ò jọra rárá.

Èyí tó wá ń dùn mí jù ni ti àsìkò òjò yìí. Kòkòrò kan wà tó máa ń wá bá iná lálẹ́, tín-ín-rín ni, kò gùn ju hóró ìrẹsì kan lọ, orí ẹ̀ dúdú, àyà ẹ̀ pupa fòò, ìyẹ́ ẹ̀yìn ẹ̀ kúkurú, ó ń dán, búlúù ló jọ, ìdí ẹ̀ tún dúdú. Tó bá ń sáré, á máa ká ìdí sókè kẹ́ ẹ lè rò pé ó fẹ́ ta yín. Kì í tani, kì í jẹni. Inú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ni nǹkan burúkú ọ̀hún wà, pederin lorúkọ ẹ̀, ìgbà tẹ́ ẹ bá là á mọ́ ara ló ń tú jáde. Kò sì ní dùn yín lójú ẹsẹ̀, ó di bí ọjọ́ kejì kí ibẹ̀ tó pọ́n, kó máa ta yín, kó wá lé ròrò gbọọrọ níbi tẹ́ ẹ ti fọwọ́ nù ún. Ẹni tó bá fi ọwọ́ yẹn ra ojú, ojú á wú.

Ó ṣe ọmọ Ìyá Wálé ní kọ́ḿpáùǹdì wa níbí ní Aṣẹ̀rò, gbogbo ọrùn ọmọ bó. Kí ni wọ́n sọ? Wọ́n ní aláǹtakùn ló tọ̀ sí i lára. Ìyá kan ní kì í ṣe ojú lásán. Bí wọ́n ṣe gbé ìgbálẹ̀ nìyẹn, wọ́n gbá gbogbo aláǹtakùn kọ́rídọ̀ dànù, àwọn tó ń bá wọn jẹ ẹ̀fọn lọ́fẹ̀ẹ́, tí ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni! Bẹ́ẹ̀ ẹni tó ṣiṣẹ́ ibi ń rìn yí gílóòbù po lókè orí wọn. Mo tan tọ́ṣì fóònù sí i, mo ní ẹ wò ó, òun rèé, ẹ wo àyà ẹ̀ tó pupa, ẹ má là á o, ẹ fẹ́ ẹ dànù tó bá bà lé yín, kẹ́ ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ibẹ̀. Wọ́n ní, "Àǹtí, ẹ fi ìmọ̀ ìwé sílẹ̀ jàre." Kí n tó padà wọlé, Bùrọ̀dá tó ń gbé yàrá iwájú ti gbá ọ̀kan mọ́ apá ara ẹ̀, pàá!

Bùrọ̀dá yìí kan náà ló ya fótò aláǹtakùn ńlá kan lẹ́yìn kàlẹ́ńdà, fóònù ẹ̀ ní brown recluse ni, aláǹtakùn olóró kan, ló bá gbé e sórí WhatsApp àdúgbò, gbogbo èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí gbàdúrà. Brown recluse! Amẹ́ríkà nìyẹn ń gbé, kí ló fẹ́ wá ṣe ní Aṣẹ̀rò? Èyí tó wà lẹ́yìn kàlẹ́ńdà yẹn, pẹlẹbẹ ni, àwọ̀ ilẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ na jáde gbọọrọ, tó bá jẹ́ abo tó ti yé, ẹ máa rí àpò ẹyin funfun pẹlẹbẹ tó gbé mọ́ abẹ́ àyà. Aáyán ló ń pa jẹ lóru. Aáyán tẹ́ ẹ̀ ń bínú sí yẹn náà ni o! Wọ́n pa á, ó ku àwọn àti aáyán.

Ẹ tún wá gbọ́ ti baba onílé. Agbọ́n kan máa ń fi ẹrẹ̀ mọ ilé ṣùgbùṣùgbù sí igun fèrèsé, kì í wá ìjà ẹnikẹ́ni. Tẹ́ ẹ bá fọ́ ilé ẹ̀, ẹ máa bá aláǹtakùn kéékèèké nínú ẹ̀, wọ́n ti rọ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀ àmọ́ wọn ò tíì kú, oúnjẹ ọmọ ẹ̀ ni. Baba fi ọkọ́ ha gbogbo ẹ̀ kúrò, wọ́n ní ikán ni. Ikán gangan wá wà níbẹ̀, ìlà ẹrẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó gba ara ògiri láti ilẹ̀ lọ sí férémù ilẹ̀kùn kíṣìnì, mo fi hàn wọ́n, wọ́n ní ìdọ̀tí lásán ni, pé àwọn máa kùn ún. Kùn kí ni? Ẹ gbá ilẹ̀kùn yẹn wò, ó ti ń dún bí òfìfo! Nígbà tí èsunsun jáde lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀ tí ìyẹ́ kún gbogbo ilẹ̀, ṣe ni gbogbo wa ń ṣa èsunsun tí inú ń dùn, kò sẹ́ni tó rò ó pé ikán ló ń wá ibi tí á tẹ̀dó sí yẹn.

Ẹ wá lọ sí ọjà Lafẹ́nwá tàbí ti Kútọ̀, ẹ gbọ́ àwọn tó gbé ẹ̀rọ agbóhùnsókè: ó ń pa ìdun, ó ń pa aáyán, ó ń pa èèrà, ó ń pa eku! Inú ìgò omi tí ẹlòmíì ti mu, kò sí orúkọ lára ẹ̀, kò sí nǹkan kan. Láti 2019 ni NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn, ti fòfin de ìgò kéékèèké dichlorvos, oògùn apakòkòrò kan, 100 ml sí ìsàlẹ̀, torí pé oògùn oko ni, kì í ṣe ti yàrá tí ọmọ ń sùn. Wọ́n ṣì ń fín in sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Wọ́n tún gbé e dé oko ẹ̀yìn ilé mi, ẹ gbà mí o. Mo gbin ilá, mo gbin ata. Kòkòrò kéékèèké tó ń fa omi ewé wà lábẹ́ ewé ilá, òótọ́ ni, àmọ́ kòkòrò roboto pupa tó ní tótòtó dúdú lẹ́yìn ti dé síbẹ̀, òun àti ọmọ ẹ̀ ló ń jẹ wọ́n, mò ń wò ó láràárọ̀. Mo lọ síbi iṣẹ́, kí n tó dé, ẹnìkan ti "bá mi ṣe é". Ó fín gbogbo ẹ̀. Èyí tó ń bá mi ṣiṣẹ́ kú fin-ín, kò pẹ́ tí àwọn tó ń fa omi ewé fi padà, wọ́n tún wá pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kò sì sẹ́ni tí á pa wọ́n jẹ mọ́. Ilá tí mo fẹ́ ká lọ́jọ́ kejì, mo dà á nù, ṣé kí n se oògùn yẹn fún àwọn ọmọ ni?

FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀, wà ní Alábàtà níbí, wọ́n ń kọ́ nípa kòkòrò tó ń ba irè oko jẹ́ níbẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn tẹ́ ò bá gbà mí gbọ́. Baba onílé, ilẹ̀kùn kíṣìnì yẹn ò ní dúró dè yín, ẹ pe káfíńtà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tan iná kọ́rídọ̀ mọ́jú, ẹ pa á tẹ́ ẹ bá fẹ́ sùn, ibẹ̀ ni kòkòrò tó ń bó ọmọ lára ń tẹ̀ lé wọlé. Ẹni tó bá sì tún fín nǹkan kan sí oko mi láì bi mí, á san owó ilá yẹn, mi ò sì ní gba ẹ̀bẹ̀.