Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde: Ẹ̀kọ́ Lára Àwọn Ará Panna Maria

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Nígbà tí àgbà bá pa òwe yìí níbi ìgbéyàwó tàbí ìkómọjáde, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbọ́ ni pé ọmọ tí a tọ́ dáadáa nílé ni yóò ṣe dáadáa lóde. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tí àwa tí a ń kó ọmọ wa gba òkè òkun lọ kì í fẹ́ẹ́ gbọ́: ẹni tí kò ní ẹ̀ṣọ́ kankan nínú ilé kó tó jáde, ìta kò ní bá a wá a. Ìjọ Àgùdà kan ní Texas ni mo fẹ́ fi là á yé wa, ìjọ tí àwọn àgbẹ̀ tó ń sọ èdè Poland dá sílẹ̀ ní 1854, tó sì wà níbẹ̀ títí dòní.

Panna Maria ni wọ́n ń pe ìlú náà, ìyẹn Màríà Wúńdíá. Kò jìnnà púpọ̀ sí ìlú San Antonio, níbi tí odò San Antonio àti odò Cibolo ti pàdé, òun sì ni ìletò àwọn ọmọ Poland tó pẹ́ jù lọ ní Amẹ́ríkà. Fádà Leopold Moczygemba ló ṣètò rẹ̀. Wọ́n bí i ní 1824 ní Płużnica, ní apá òkè Silesia, agbègbè kan ní Yúróòpù tí àwọn tó ń sọ èdè Poland ń gbé, wọ́n sì rán an wá sí Texas ní 1852 kó lè máa bójú tó àwọn Àgùdà ọmọ Jámánì tó ń gbé ibẹ̀. Ó rí ilẹ̀ tó lọ súà, ó kọ lẹ́tà sílé pé kí àwọn èèyàn òun máa bọ̀. Ilé náà kò rọgbọ lásìkò yẹn: odò Oder kún àkúnya ní 1854, ó ba oko jẹ́, ogun Crimea sì ti sọ oúnjẹ di ọ̀wọ́n. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ìdílé gbéra. Bremen ni wọ́n ti wọ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n lo nǹkan bí oṣù méjì lórí òkun kí wọ́n tó gúnlẹ̀ sí Galveston. Láti etíkun wọ inú Texas lọ́hùn-ún, ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn fi rìn. Kẹ̀kẹ́ ẹrù tí wọ́n háyà lọ́wọ́ àwọn ará Mexico ló kó ẹrù wọn.

Ẹrù wo? Ohun èlò oko, ibùsùn oníyẹ́ẹ́, ohun èlò ìdáná, àti àgbélébùú ńlá kan tí wọ́n gbé láti inú ṣọ́ọ̀ṣì abúlé wọn. Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí àgbélébùú yẹn. Ẹni tó ń lọ sí ilẹ̀ tí kò tíì sí ilé lórí rẹ̀, tó mọ̀ pé gbogbo ohun tí òun bá gbé ni òun yóò sanwó fún, tó tún wá àyè fún àgbélébùú láàárín ọkọ́ àti ìkòkò, ti jẹ́ ká mọ ohun tó kà sí ẹrù gidi.

Ìgbà Kérésì ni wọ́n débẹ̀. Ilé kò sí, ṣọ́ọ̀ṣì kò sí, igi óákù ló wà. Abẹ́ igi náà ni Fádà Moczygemba ti bá wọn ṣe Mísà àkọ́kọ́ ní àìsùn Kérésì ọdún 1854. Nínú oṣù Kejìlá yẹn kan náà, ní ọjọ́ kẹjọ, Pópù Pius Kẹsàn-án ti kéde ní Róòmù pé Màríà kò ní àbàwọ́n ẹ̀ṣẹ̀ àdámọ́ láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti lóyún rẹ̀. Ẹ̀kọ́ yìí ni wọ́n fi sọ orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn náà. Ìfẹ́ tí wọ́n ní sí ìyá Jésù jinlẹ̀ gan-an. Nígbà tí àwọn kan nínú wọn lọ dá ìjọ mìíràn sílẹ̀ nítòsí ní 1873, Cestohowa ni wọ́n pè é, nítorí Częstochowa, níbi tí àwòrán Màríà aláwọ̀ dúdú tí gbogbo Poland ń bọlá fún wà.

Ibi tí òwe wa ti wọlé gan-an nìyí. Púpọ̀ nínú ohun tí àwọn ọmọ Poland gbà gbọ́, tábìlì oúnjẹ ilé ni wọ́n ti ń kọ́ ọ. Ní àìsùn Kérésì, ẹnikẹ́ni kì í jókòó jẹun títí ìràwọ̀ àkọ́kọ́ yóò fi yọ lójú ọ̀run. Wọ́n á tẹ́ koríko gbígbẹ sábẹ́ aṣọ tábìlì, nítorí ibùjẹ ẹran tí wọ́n tẹ́ Jésù sí. Ẹran kì í sí nínú oúnjẹ alẹ́ yẹn. Wọ́n á fi àyè kan sílẹ̀ lófìfo fún àlejò tí ẹnikẹ́ni kò retí. Kí wọ́n tó fọwọ́ kan oúnjẹ, olórí ilé á mú opłatek, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tó fẹ́lẹ́ bí ìwé, á jẹ́ kí ẹni tó kàn án bù níbẹ̀, òun náà á bù nínú ti onítọ̀hún, wọ́n á súre fún ara wọn. Ẹni tó ń bá ẹlòmíràn bínú kò lè bá a bu opłatek kí inú rẹ̀ má yọ́. Lẹ́yìn oúnjẹ ni wọ́n tó máa lọ sí Mísà òru, tí wọ́n ń pè ní Pasterka. Bó bá di Lẹ́ńtì, wọ́n á máa kọ Gorzkie żale, àwọn orin arò lórí ìyà Olúwa. Ní Àbámẹ́ta tó ṣáájú Àjíǹde, àwọn ìyá á gbé agbọ̀n lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹyin, búrẹ́dì, iyọ̀ àti sọ́séèjì á wà nínú rẹ̀, Fádà á wọ́n omi mímọ́ sí i, òun ni gbogbo ilé yóò fi ṣínu láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ẹ wo iye nínú nǹkan wọ̀nyí tó dúró lórí àlùfáà: ó wọ́n omi, ó ṣe Mísà. Ìyókù wà lọ́wọ́ bàbá, ìyá àti ìyá àgbà.

Wọn kò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní Texas. Silesia ti bọ́ sábẹ́ ìjọba Prussia, ilẹ̀ ọba Jámánì kan, láti 1742. Poland fúnra rẹ̀ kò sí lórí àwòrán ayé láti 1795 títí di 1918, àwọn ìjọba mẹ́ta ló pín in mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Èdè Jámánì ni èdè ìjọba lórí àwọn àgbẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n èdè tiwọn ni wọ́n fi ń gbàdúrà, òun ni ìyá fi ń rẹ ọmọ. Kí wọ́n tó gbọ́ orúkọ Texas rárá, wọ́n ti mọ bí èèyàn ṣe ń pa ohun tirẹ̀ mọ́ lábẹ́ òrùlé rẹ̀ nígbà tí ìta kò kà á sí. Nígbà tí wọ́n dé àárín àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ tó ti mọ́ wọn lára ni wọ́n ń bá lọ.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ àwọn òbí kan fi ń dùn mí. Ní Ìbàdàn àti Èkó, wọ́n á ní kí ọmọ má sọ Yorùbá kí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ lè já gaara. Bí físà bá jáde, wọ́n á ní bí àwọn bá dé ọ̀hún tán ni àwọn yóò máa kọ́ ọ ní àṣà. Ọmọ tí kò gbọ́ oríkì rẹ̀ rí ní Ìbàdàn, ṣé Houston ni yóò ti gbọ́ ọ? Ta ni yóò kì í fún un?

Òwe kejì tí ìtàn yìí mú wá sí mi lọ́kàn ni pé ọjọ́ a bá kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Ọ̀dá ńlá dé ní 1856, oko gbẹ, ebi dé. Àwọn tó ti tẹ̀ lé lẹ́tà Fádà Moczygemba gba òkun kọjá kọjú ìjà sí i, ìtàn sì sọ pé àwọn kan ń halẹ̀ pé àwọn yóò so ó rọ̀. Ó fi Panna Maria sílẹ̀ lọ́dún yẹn. Èmi kò ní dá àwọn àgbẹ̀ náà lẹ́bi pátápátá, nítorí ẹni tí ebi ń pa ọmọ rẹ̀ nílẹ̀ àjèjì yóò wá ẹni tó mú un débẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí kò ṣíwọ́ iṣẹ́: òun ló lọ gba àṣẹ lọ́dọ̀ Pópù Leo Kẹtàlá ní 1879 láti dá ilé ẹ̀kọ́ àlùfáà sílẹ̀ fún àwọn ọmọ Poland ní Amẹ́ríkà. Ó kú ní 1891, wọ́n sin ín sí Detroit. Ní 1974, wọ́n gbé òkú rẹ̀ padà sí Panna Maria, abẹ́ igi óákù ni wọ́n sin ín sí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣáájú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tàbí ìjọ lókè òkun, ẹ fi èyí sọ́kàn kí ẹ tó kọ lẹ́tà tó dùn létí sílé: ẹ sọ ti ọ̀dá mọ́ ti ilẹ̀ tó lọ súà. Ẹ̀yin tí wọ́n ń ṣáájú, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn nígbà tí etí wọn ṣì ń gbọ́.

Bí ẹ̀sìn àwọn ará Panna Maria bá wà lọ́wọ́ Fádà nìkan ni, ọdún 1856 ni ì bá ti parí. Àlùfáà lọ, ìjọ kò tú. Nígbà tí Fádà Adolf Bakanowski dé ní 1866, lẹ́yìn Ogun Abẹ́lé Amẹ́ríkà, ó bá èèyàn nílẹ̀. Lásìkò náà àwọn darandaran ẹlẹ́ṣin máa ń wá yìnbọn dẹ́rù bà wọ́n, síbẹ̀ wọ́n kọ́ ilé ìwé ní 1868. Àrá sán pa ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní 1875, kò pé ọdún mẹ́ta tí wọ́n fi kọ́ òmíràn, ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.

Àwa náà ní irú rẹ̀ nínú ìtàn wa. Kí àlùfáà tó wá fìdí kalẹ̀ sí Èkó ní 1868, àwọn Àgùdà tó padà láti Brazil ti ń péjọ gbàdúrà. Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Padre Antonio, tí kì í ṣe àlùfáà rárá, ló ń darí wọn. Nígbà tí míṣọ́nnárì kan, Fádà Borghero, bẹ Èkó wò ní 1863, ìjọ ló bá, kì í ṣe ilẹ̀ òfìfo.

Àwọn àgbàlagbà kan ní Panna Maria ṣì ń sọ èdè Silesia, ìyẹn èdè Poland bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Silesia, tí àwọn baba ńlá wọn gbé dé, àwọn onímọ̀ èdè sì ti wá ṣèwádìí lórí rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ọmọ wọn ń sọ jù. Díẹ̀díẹ̀ ni ilé dákẹ́ lẹ́yìn ìgbà tí ilé ìwé, iṣẹ́ ìlú ńlá àti ìgbéyàwó ti mú àwọn ọ̀dọ́ jáde. Àwọn kan yóò sọ pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, pé ọmọ tó ń gbé Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ di ará Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n àwọn tó fi èdè Silesia gbàdúrà fún ọgọ́rùn-ún ọdún náà dáko ní Texas, wọ́n dìbò níbẹ̀, wọ́n rán ọmọ wọn lọ sí ogun Amẹ́ríkà. Ní 1966, Ààrẹ Lyndon Johnson fi àwòrán Màríà ti Częstochowa ta ìjọ náà lọ́rẹ. Kò ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbàgbé ilé kí òun tó mọ̀ wọ́n sí ọmọ orílẹ̀-èdè.

Bí ẹ bá wá bi mí pé níbo ni kí òbí ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ má tíì wá ilé ìwé Yorùbá ọjọ́ Sátidé. Àdúrà alẹ́ ni kí ẹ mú, kó jẹ́ ní Yorùbá, lójoojúmọ́, kí ọmọ tó kéré jù ṣe àmín. Ẹ ki ọmọ láàárọ̀ kó tó jáde lọ sílé ìwé. Ẹ yan oúnjẹ kan nínú ọdún tí ẹ ó máa jẹ pọ̀ ní ọjọ́ kan pàtó, kí ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún wọn kí ẹ tó bù ú. Bí ẹ bá sì ṣì wà ní Ìbàdàn tí ẹ ń retí físà, ẹ má dúró dè é.