Ìyàwó Inú Kamasutra: Ṣé Ó Bá Ọkọ Rẹ̀ Wí Ni, Tàbí Ó Tù Ú Nínú?

Àlàó Òǹkàwé: Ẹ̀yin ará, ó ti tó nǹkan bí 1,700 ọdún tí Vatsyayana ti kọ Kamasutra ní èdè Sanskrit ní ilẹ̀ Íńdíà. Apá méje ni ó pín in sí, apá kejì tó dá lórí ọ̀rọ̀ ibùsùn ni ayé sì mọ̀ ọ́n mọ́, bẹ́ẹ̀ ìwé náà sọ̀rọ̀ nípa bí a ṣe ń wá ìyàwó àti bí ìyàwó ṣe ń ṣètò owó ilé látọdún dọ́dún. Ìbéèrè mi ni pé, bí olùtumọ̀ bá ń tú u fún àwa ènìyàn òde òní, ṣé kí ó fi ohun tí kò bá ìgbà wa mu sílẹ̀ bó ṣe wà, àbí kí ó tún un ṣe?

Ìránṣẹ́ Olúwa: N kò ka ọ̀rọ̀ yìí délẹ̀, n kò sì ní í kà á. Ìwé ìṣekúṣe ni, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tú u sí èdè kankan.

Ọmọ Ọ̀wu: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ kà á ná. Nínú apá kẹta, ó ní kí tọkọtìyàwó tuntun sùn sórí ilẹ̀ fún alẹ́ mẹ́ta láìbá ara wọn lò pọ̀, kí oúnjẹ wọn má sì ní iyọ̀. Ṣé ìṣekúṣe nìyẹn?

Baba Ẹlẹ́yà: Alẹ́ mẹ́ta láìsí iyọ̀! Ìyàwó tó bá fara da ìyẹn kò tún ní nǹkan kan láti bẹ̀rù nílé ọkọ mọ́.

Àǹtí Mojí: Ẹ jẹ́ ká padà sórí ìtumọ̀. Nínú apá kẹrin, Vatsyayana ní bí ọkọ bá ń yan àlè, kí ìyàwó má ṣe fẹ̀sùn kàn án jù, ṣùgbọ́n ó lè sọ̀rọ̀ líle sí i, ì báà jẹ́ ní ìkọ̀kọ̀, ì báà jẹ́ láàárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bí Wendy Doniger àti Sudhir Kakar ṣe tú u ní 2002 nìyẹn. Ìtumọ̀ 1883, èyí tí a mọ̀ mọ́ Richard Burton, arìnrìn-àjò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní kò gbọdọ̀ sọ ọ̀rọ̀ líle rárá, kí ó máa fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá a sọ̀rọ̀. Wọ́n gba ẹnu lọ́wọ́ obìnrin náà.

Ọ̀mọ̀wé Ìsàlẹ̀-Odò: Ẹ rọra, mà. Nígbà náà, òfin 1857 lórí ìwé ìṣekúṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè fi ìwé bẹ́ẹ̀ jóná. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó gbé e jáde nìkan, tí wọ́n sì kọ Cosmopoli sí iwájú rẹ̀, ìlú tí kò sí níbikíbi.

Àǹtí Mojí: Òfin wo ló wá ní kí ìyàwó má bá ọkọ rẹ̀ wí? Ọ̀rọ̀ ìhòòhò ni òfin yẹn ń lé kiri.

Ọ̀mọ̀wé Ìsàlẹ̀-Odò: Ẹ tilẹ̀ ń bá ẹni tí kò jẹ yín ní gbèsè jà. Bhagwanlal Indraji àti Shivaram Bhide, ọmọ Íńdíà, pẹ̀lú Arbuthnot, òyìnbó ọ̀rẹ́ Burton, ni wọ́n ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ìtumọ̀ náà.

Àǹtí Mojí: Ta wá ni ìyìn ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ láti ìgbà náà? Ẹni tó bá gba ìyìn, òun náà ni yóò gba ẹ̀bi.

Ìránṣẹ́ Olúwa: MO TÚN UN SỌ, ÌWÉ ÌṢEKÚṢE NI!

Baba Ẹlẹ́yà: Ìyàwó mi kò gbọ́ Sanskrit rí, ṣùgbọ́n ó mọ ẹsẹ yẹn lórí, pàápàá ibi tí wọ́n ti mẹ́nu kan àárín àwọn ọ̀rẹ́.

Ọmọ Ọ̀wu: Ibẹ̀ kan náà ni wọ́n ti ní kí ó má fi egbò igi ṣe oògùn ìfẹ́ fún ọkọ o.

Baba Ẹlẹ́yà: Apá keje ńkọ́, tí oògùn ìfẹ́ kún inú rẹ̀? Ó jọ pé ọkùnrin nìkan ni wọ́n fún ní ìwé àṣẹ.

Àlàó Òǹkàwé: Ẹ jọ̀wọ́, kò sí ẹni tó tíì dáhùn ìbéèrè mi.

Ọ̀mọ̀wé Ìsàlẹ̀-Odò: Àǹtí, ìtumọ̀ 2002 pàápàá fara ti àlàyé tí Yashodhara ṣe lórí Kamasutra, ẹni tó gbé ayé ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún lẹ́yìn Vatsyayana. Ta ló wá mú un dá yín lójú pé ohùn obìnrin ni ẹ ń gbọ́, tí kì í ṣe ohùn ọkùnrin kejì?

Àǹtí Mojí: Yashodhara kò yọ ọ̀rọ̀ líle kúrò lẹ́nu ìyàwó. Àwọn tí ẹ ń gbèjà ni wọ́n yọ ọ́.

Ọ̀mọ̀wé Ìsàlẹ̀-Odò: N kò gbèjà ẹnikẹ́ni. Mo ní kì í ṣe Burton nìkan ló tú u!

Àǹtí Mojí: Mo gbọ́, ọ̀gbẹ́ni. Ẹ sọ ẹni tó yọ ọ́, kí n lè mọ ẹni tí mo ń bá wí.