Ibi Tí Ọmọ Dé Ni Kí Ẹ Ti Bá A Bẹ̀rẹ̀

Àwọn òbí tó ń béèrè nípa ilé ìwé àwọn ọmọ mi máa ń bi mí pé kíláàsì wo ni wọ́n wà. Mo máa ń sọ fún wọn pé ìṣirò prámárì kẹrin ni àkọ́bí mi ń ṣe, Gẹ̀ẹ́sì prámárì kẹfà ló sì ń kà. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ti ṣáájú ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú iṣẹ́ méjì, ó ń bọ̀ lẹ́yìn wọn nínú ẹ̀kẹta. Wọ́n á wò mí lójú, wọ́n á ní, "Ṣé ilé ìwé yẹn ò ní kíláàsì ni?" Mo fẹ́ sọ tẹnu mi lórí ọ̀rọ̀ yìí, torí ọ̀pọ̀ nínú wa ń mú ọmọ lọ síbẹ̀ láì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ọ̀pọ̀ sì ń mú ọmọ kúrò lásìkò tó yẹ kí wọ́n ní sùúrù.

Accelerated Christian Education ni orúkọ ìlànà tí wọ́n ń lò, A.C.E. ni gbogbo wa ń pè é. Donald Howard àti Esther ìyàwó rẹ̀ ló dá a sílẹ̀ ní ìlú Lewisville, ní ìpínlẹ̀ Texas, lọ́dún 1970. Kò sí pé tíṣà ń dúró ti pátákó, kó máa kọ́ gbogbo ọmọ ní nǹkan kan náà. Ìwé pẹlẹbẹ kan báyìí tí wọ́n ń pè ní PACE ni ọmọ ń fi kẹ́kọ̀ọ́. Bí nǹkan bá ń lọ déédéé, ọmọ á parí méjìlá lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ́dún. Olúkúlùkù ló ní àyè tirẹ̀ tí wọ́n fi pákó dí lọ́tùn-ún lósì. Ọ́fíìsì ni àwọn ọmọ ń pe àyè yìí, inú wọn sì máa ń dùn sí i. Bí nǹkan bá rú ọmọ lójú, kò ní pariwo, kò ní dìde. Á gbé àsíá kékeré sórí ọ́fíìsì rẹ̀, ẹni tó yẹ á wá bá a. Tó bá ṣiṣẹ́ tán, òun fúnra rẹ̀ á gbé e lọ síbi tí ìwé ìdáhùn wà, á fi bíròó pupa máàkì ara rẹ̀, èyí tó kùnà á padà lọ tún un ṣe. Ìdánwò ìparí ìwé náà ni àwọn àgbà ń máàkì. Ọmọ tí kò bá gba 80 nínú ọgọ́rùn-ún á padà sídìí ìwé yẹn.

Kí wọ́n tó gba ọmọ wọlé, wọ́n á kọ́kọ́ dán an wò láti mọ ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ ti jò. Ìdánwò yìí ló máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín ilé ìwé àti òbí. Ọmọkùnrin mi ti parí prámárì kẹrin níbi tó wà tẹ́lẹ̀, ipò kẹta ni wọ́n kọ sínú káàdì rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí dán an wò, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n prámárì kejì ni ìṣirò rẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá rẹ̀ bínú gidi. Wọ́n ní, "Owó kí la wá ti ń san láti ọjọ́ yìí?" Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká wo ìwé ìdánwò náà pa pọ̀. A wò ó. Ọmọ náà lè ṣe ìsọdipúpọ̀ tó ti há sórí, àmọ́ bí wọ́n bá ní kó yọ mẹ́tàdínlógún kúrò nínú ogójì ó lé méjì, àbá ló ń dá. Wọ́n ti kọ́ ọ ní ohun tó dúró lórí èyí fún ọdún méjì, ìpìlẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Mi ò dá tíṣà rẹ̀ àtijọ́ lẹ́bi. Ọmọ tó wà nínú kíláàsì yẹn pọ̀ ju ohun tí ojú ẹnì kan lè ká lọ. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹta kò lè dúró de ọmọ tí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kejì kò yé, nítorí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹrin ti ń bọ̀. Bí táàmù bá parí, gbogbo wọn á jọ gòkè, tòun ti gbèsè tó wà lọ́rùn àwọn kan nínú wọn. Ọmọ tó bá gbọ́n á wá ọgbọ́n fi bo gbèsè náà: á há, á jí wò, á dákẹ́ bí ẹni tó gbọ́. Káàdì ò lè fi èyí han òbí.

Níbi tó wà báyìí, ó sáré kọjá ibi tó mọ̀, nígbà tó dé ibi tí kò mọ̀, ó dúró. Ó pẹ́ lórí ìwé kan ṣoṣo, ó kùnà ìdánwò rẹ̀, wọ́n ní kó tún un ṣe. Ẹnikẹ́ni ò pè é ní olódo, torí àwọn tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ò tilẹ̀ mọ ìwé tó wà níwájú rẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni ó gbé ìwé náà wá bá mi ní ilé ìdáná, ó ní, "Mọ́mì, ibi tí wọ́n ti ń yá nọ́ńbà ni mo ti sọnù." Ọmọ tí mo mọ̀, tó máa ń fi ìwé pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì! Ó fọwọ́ tọ́ka sí ojú ìwé náà gan-an. A mú ẹ̀wà gbígbẹ jáde, a tò ó ní mẹ́wàá mẹ́wàá, ó rí ohun tó ń jẹ́ kí ẹnì kan yá nǹkan lọ́wọ́ aládùúgbò rẹ̀. Mo lè jẹ́rìí ìlànà yìí níwájú ẹnikẹ́ni nítorí ohun kan yẹn: ọmọ mi lè sọ ibi tí òun ti ṣìnà láì bẹ̀rù.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ nípa àwa òbí. A ti sọ ìwọ̀n ìrìn ọmọ di eré ìje. Ní ẹnu géètì, ní ìpàdé òbí, lórí WhatsApp, "PACE mélòó ni ti yín ti parí?" ni a fi ń kí ara wa. Ìyá kan tí mo bọ̀wọ̀ fún máa ń ka ìràwọ̀ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọ́fíìsì ọmọ rẹ̀ fún ìwé tó ti parí, níṣojú ọmọ, á wá ka ti ọmọ ẹlòmíì tẹ̀ lé e. Ìwé ìdáhùn wà ní gbangba láàárín yàrá, ìfọkàntán ni wọ́n fi gbé e síbẹ̀. Ọmọ tí wọ́n ń lé láti ilé kì í pẹ́ mọ bó ṣe ń dà á kọ. Ìwé á parí wéré, máàkì á pé, ọjọ́ ìdánwò nìkan ni àṣírí á tú. Nígbà náà ni a óò máa pariwo pé ilé ìwé kò mójú tó wọn. Àwa la kọ́ ọmọ lólè yẹn. Ẹsẹ Bíbélì tí ó há sórí lóṣù yẹn kò lè gbà á lọ́wọ́ ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́.

Èyí tó dùn mí jù ni ti àdúrà. Mo jẹ́ Kristẹni, mo sì fẹ́ràn kí ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ rẹ̀ pẹ̀lú orin àti Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n mo ti jókòó níbi tí àwọn òbí ti ń dìde gbàdúrà lòdì sí ẹ̀mí ìfàsẹ́yìn, tí ìyá kan ń sunkún nítorí pé wọ́n ní kí ọmọ rẹ̀ padà lọ ṣe iṣẹ́ ọdún méjì sẹ́yìn, ọmọ náà sì wà níbẹ̀ tó ń gbọ́. Kò sí ẹ̀mí kankan nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ọmọ náà fẹ́ mọ ohun tí kò gbọ́ nígbà tó kọ́kọ́ kọjá ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ìyá ẹgbẹ́ mi, ẹ má jẹ́ kí ọmọ gbà gbọ́ pé ọ̀tá ìdílé ló wà nídìí ìṣirò rẹ̀.

Mo mọ̀ pé owó wà nínú ohun tó ń lé wa. Ìwé tí ọmọ bá kọ́ tí kò yege, òmíràn la óò rà fún un, owó ìwé náà sì ń tẹ̀ lé dọ́là. Láti ìgbà tí náírà ti já wálẹ̀ ní 2023, òbí tí ọmọ rẹ̀ ń tún ìwé ṣe ń rí i nínú àpò rẹ̀. Mi ò lè bínú sí ẹni tó ń ta ọjà ní Bódìjà tó ní kí ọmọ òun tètè parí. Kí ó ṣáà bá ilé ìwé sọ̀rọ̀ owó náà, kó má gbé e lé ọmọ lórí.

Àwọn tó sì fẹ́ kí ọmọ yára kí ó lè tètè wọ yunifásítì, ibo gan-an ni ọmọ náà ń sáré lọ? Ní 2024 ìjọba ní ọmọ ọdún méjìdínlógún ni yóò máa wọlé. Nígbà tí Dókítà Tunji Alausa di mínísítà ètò ẹ̀kọ́, ó dá a padà sí mẹ́rìndínlógún ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà. Èyí tó wù kí a mú nínú méjèèjì, ọmọ tó parí ní ọdún mẹ́tàlá á padà wá jókòó sílé. Ọdún tí ó fi sáré yẹn ì bá fi ka ìwé tó wù ú, ì bá fi kọ́ iṣẹ́ ọwọ́.

Ilé ìwé náà ní àléébù tirẹ̀, mi ò sì ní bò ó. Gbogbo ìlànà yìí rọ̀ mọ́ kí ẹnì kan dìde nígbà tí àsíá bá lọ sókè. Ní ilé ìwé kékeré tí àwọn àǹtí ò ju ìka ọwọ́ kan lọ, àsíá lè wà lókè títí ọmọ á fi sùn lé ìwé. Bí ẹni tó sì wá náà kò bá mọ iṣẹ́ ọ̀hún dáadáa, á ní kí ọmọ lọ tún un kà. Kíkà léraléra kò lè la ohun tó rú ni lójú. Nítorí náà, bí ẹ bá lọ wo ilé ìwé báyìí, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kàn fi ọ́fíìsì aláwọ̀ mèremère hàn yín. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí ẹ jókòó lẹ́yìn yàrá fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ máa wo àsíá.

Ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ náà ń kọ mí lóminú. Ọmọbìnrin mi fẹ́ràn àròyé. Nígbà tó ti ń fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo dí àlàfo nínú ìwé fún ìgbà pípẹ́, mo ní kó kọ lẹ́tà sí ìyá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, gbólóhùn mẹ́ta ló kọ, ó ní ó ti tán. Àwa òbí kan lọ bá ìyàwó pásítọ̀ tó ń darí ibẹ̀, wọ́n sì gbọ́ tiwa. Wọ́n yọ ọ̀sán kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ fún àríyànjiyàn, ìwé kíkà sókè, àti àròkọ. Lẹ́tà tó kọ sí ìyá mi lẹ́yìn náà, ẹ̀yìn ìwé ló parí sí.

Ọ̀rọ̀ èdè ló kù, òun ni mo rò pé a kì í sọ tó. Ní 1970 yẹn náà, ní Ilé-Ifẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà prámárì, Gẹ̀ẹ́sì sì dá dúró bí iṣẹ́ kan. Àwọn ọmọ yẹn ṣe dáadáa ju àwọn tó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọ lọ, Gẹ̀ẹ́sì wọn pàápàá ò sì rẹ̀yìn. Gbogbo ìwé A.C.E., Gẹ̀ẹ́sì ni, ọmọ gbọ́dọ̀ kà á fúnra rẹ̀ kó tó mọ ohun tí wọ́n ń bi í. Tí Gẹ̀ẹ́sì ọmọ kò bá tíì gbó, ìwọ̀n Gẹ̀ẹ́sì ẹnu rẹ̀ ni yóò máa bá lọ, bí agbára rẹ̀ tilẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo rí àǹtí kan tó ka ìbéèrè ìṣirò fún ọmọ kékeré kan ní Yorùbá, ìṣirò tó ti gbé àsíá lé lórí láti òwúrọ̀. Kí àǹtí tó sọ̀rọ̀ tán, ọmọ ti dáhùn. Mo fẹ́ kí irú àǹtí yẹn pọ̀ níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì bá a wí pé ó sọ "vernacular" nínú yàrá ẹ̀kọ́. Ìtàn Amẹ́ríkà àti owó sẹ́ǹtì tó wà nínú ìwé náà, a lè fi ti wa kún un nílé.

Títí ọmọ yóò fi parí prámárì, mo fara mọ́ ọn pátápátá. Sẹ́kọ́ńdírì ni mi ò tíì dá lójú. Yunifásítì fẹ́ krẹ́díìtì márùn-ún nínú WAEC kó tó wò ọ́, Gẹ̀ẹ́sì sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, ìṣirò náà fún ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́. Àwọn ilé ìwé kéékèèké kan kò lè forúkọ ọmọ sílẹ̀ fún un fúnra wọn, kò sì sí yàrá tí ọmọ ti lè fọwọ́ kan ohun èlò sáyẹ́ǹsì. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ti gba ọ̀nà yìí dé yunifásítì, GCE ni ẹ ṣe ni, àbí ẹ gbé wọn lọ sílé ìwé mìíràn láti JSS 3? Ẹ bá mi kọ ọ́ sísàlẹ̀, bàbá àwọn ọmọ náà ń dúró de ìdáhùn yín kí wọ́n tó san owó táàmù tó ń bọ̀.