Ẹ Fi Ìwé De Ilẹ̀ Oko Mọ́lẹ̀

Ẹni tó bá yà kúrò ní ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tó forí lé Ọ̀fàdà, pátákó ẹ̀sítéètì ni yóò kọ́kọ́ kí i káàbọ̀. Ìlú tó fún ìrẹsì lórúkọ, ìrẹsì tí wọ́n ń bù sínú ewé eéran ní òde àríyá Èkó, òun náà ni òpó sọ̀fẹ́yọ̀ ń hù nínú oko rẹ̀ báyìí bí ẹni pé wọ́n gbìn ín.

A kò bá ẹni tó ń kọ́lé jà. Èèyàn ń pọ̀ sí i, wọ́n sì gbọ́dọ̀ rí ibi sùn. Ohun tó ká wa lára ni pé oko kékeré ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá jù, pàápàá èyí tí olóko kì í fi kẹ́míkà dá. Ẹni tó gbára lé ajílẹ̀ òyìnbó àti oògùn apakoríko lè kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ mìíràn lọ́la, kó ra àpò tuntun, kó tún bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi ìgbẹ́ adìẹ, ewé jíjẹrà àti ẹ̀wà tó gbìn sáàárín àgbàdo wo ilẹ̀ sàn, ọdún ló ń kà. L'Amẹ́ríkà, ọdún mẹ́ta gbáko ni ilẹ̀ gbọ́dọ̀ lò láìfojú kan kẹ́míkà kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé olóko pé irè rẹ̀ mọ́. Ta ni yóò fi ọdún mẹ́ta tọ́jú ilẹ̀ tí ọmọ onílẹ̀ lè tà lóṣù tó ń bọ̀?

Àgbẹ̀ tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ yìí ju àwa tó ń kọ ìwé ìròyìn lọ. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ fún un pé kó gbin àgbàdo, kó gbin ẹ̀gẹ́, àmọ́ kó má dán kòkó, obì tàbí ọ̀pẹ wò, torí ẹni tó bá gbin igi, kò ní pẹ́ pe ara rẹ̀ ní onílẹ̀. Ọgbọ́n wà nínú òfin yìí nígbà tí ilẹ̀ ṣì pọ̀ lọ jàra. Lónìí, ó ti sọ àgbẹ̀ di ẹni tó ń kánjú jẹ lórí ilẹ̀ tó yẹ kó máa kẹ́.

Ojútùú kan wà tí àwọn ẹlòmíràn ti lò. Ní 1968, àwọn aláwọ̀ dúdú kan láti Georgia, l'Amẹ́ríkà, lára àwọn tó ti ń jà fún ẹ̀tọ́ ìdìbò, wọkọ̀ òfuurufú lọ sí Ísírẹ́lì láti wo bí àgbẹ̀ ṣe ń lo ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè tà. Charles Sherrod wà lára wọn. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n dá àjọ kan tí wọ́n pè ní New Communities sílẹ̀ ní 1969, wọ́n sì ra ilẹ̀ 5,735 éékà nítòsí ìlú Albany. Ètò wọn kò le: ilẹ̀ jẹ́ ti àjọ, títí ayé, àgbẹ̀ gba líìsì ọlọ́jọ́ gígùn lé e lórí, ilé tó bá kọ́ àti igi tó bá gbìn jẹ́ tirẹ̀, ọmọ rẹ̀ sì lè jogún wọn. Ní Shropshire, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 2006, oko Fordhall fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ìdílé Hollins tó ti ń dáko láìlo kẹ́míkà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ayálégbé ni wọ́n, wọn kì í ṣe onílẹ̀. Nǹkan bí 8,000 èèyàn dá owó, wọ́n ra ìpín ní 50 pọ́n-ùn, ilẹ̀ náà sì di ti àjọ. Àwọn ọmọ Hollins ṣì ń san owó ilẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè lé wọn torí pé olówó kan dé.

Àjọ alágbàtọ́ ilẹ̀ ni àwa máa pe irú ètò yìí, a ò sì gbà pé àjèjì ni. Ní 1912, olóyè kan láti Òdògbolú sọ fún ìgbìmọ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀ pé ẹbí ńlá kan ló ni ilẹ̀: ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kú, díẹ̀ ló wà láàyè, àwọn tí a kò tíì bí kò sì lóǹkà. Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé ẹjọ́ tó ga jù fún àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso, dá Olóyè Amodu Tijani Olúwa ti Èkó láre lórí ilẹ̀ Àpápá, wọ́n ní ti àwùjọ ni ilẹ̀, Olóyè kàn ń bójú tó o ni. Herbert Macaulay ló bá a dé ọ̀hún.

Kí ló wá bà á jẹ́? Ilẹ̀ ẹbí jẹ́ àjọ alágbàtọ́ tí kò ní ìwé. Ẹnu àgbà ló dúró fún òfin rẹ̀, ẹnu àgbà sì ti rí owó. Ojúlé kan ń tà lẹ́yìn èkejì, pùlọ́ọ̀tì kan ń ní olówó mẹ́ta. Òfin Ilẹ̀ ti 1978 tún wá fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ Gómìnà pé kó máa bá ará ìlú tọ́jú rẹ̀. Alágbàtọ́ kan ṣoṣo fún odindi ìpínlẹ̀! Bí Gómìnà bá sì gba oko, òfin ní kí wọ́n san owó ilé àti ohun ọ̀gbìn tó wà lórí rẹ̀. Ọ̀rá ilẹ̀ tí àgbẹ̀ fi ọdún mẹ́wàá kó jọ kò sí nínú ìṣirò.

Ohun tí a ń fẹ́ ni pé kí ẹbí tó ṣì ní ilẹ̀ oko lọ forúkọ àjọ alágbàtọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ iléeṣẹ́ àti àjọ sílẹ̀, lábẹ́ Apá F òfin CAMA ti 2020 tó dá lórí wọn, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé náà pé a kò gbọdọ̀ tà á, àti pé àgbẹ̀, ì báà jẹ́ ọmọbìnrin ilé tàbí àlejò tó ń san ìṣákọ́lẹ̀, lè gba líìsì ogún ọdún sókè, kó sì gbin igi.

Kí wọ́n má gbàgbé láti kọ ọ́ pé ilẹ̀ náà kò ṣe é fi yáwó. Ibi tí New Communities ti kọsẹ̀ nìyẹn. Lester Maddox, Gómìnà Georgia, dínà owó ìrànwọ́ tí ìjọba àpapọ̀ fẹ́ fún wọn, wọ́n sì ní láti yáwó lé ilẹ̀. Ọ̀dá dá léraléra. Iléeṣẹ́ ìjọba tó ń yá àgbẹ̀ lówó ń fi ọ̀rọ̀ wọn falẹ̀ torí pé wọ́n jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ní 1985, gbèsè gba ilẹ̀ náà lọ. Ó di 2009 kí wọ́n tó gba owó ìtanràn, nǹkan bíi mílíọ̀nù 12 dọ́là, nítorí ìyà ẹlẹ́yàmẹ̀yà yẹn. Wọ́n fi ra 1,638 éékà mìíràn ní 2011, oko àwọn olówó ẹrú àtijọ́. Ó dùn mọ́ni, àmọ́ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ti lọ.

Àwọn kan yóò sọ pé ebi ò jẹ́ ká gbọ́ ìwàásù, pé owó ilẹ̀ ni wọ́n fi ń rán ọmọ nílé ìwé. Òótọ́ ni. A ò ní kí wọ́n má ta èyí tó wà lójú títì. Àkùrọ̀ àti oko inú lọ́hùn-ún là ń bẹ̀bẹ̀ fún. A sì mọ̀ pé ìwé CAC kò lè di Gómìnà lọ́wọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n àjọ tó ní orúkọ àti ìwé yóò rí ohun gbé lọ síwájú adájọ́ ju baálé ilé kan lọ.

Ìjọba náà ní tiwọn láti ṣe. Kí wọ́n má gba kọ́bọ̀ lórí ìwé ilẹ̀ irú àjọ bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n sì fi ilẹ̀ tiwọn ṣáájú: àwọn ibùdó àgbẹ̀ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá sílẹ̀ ní nǹkan bíi 1960, ní Ìlọrà, Akùfọ̀, Ìkẹ́nnẹ́ àti ibòmíràn. Láti Ísírẹ́lì kan náà ni wọ́n ti wo àwòkọ́ṣe wọn. Yunifásítì àgbẹ̀ tó wà l'Abẹ́òkúta ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ọ̀gbìn aláìlókẹ́míkà. Kí wọ́n pín ilẹ̀ ibùdó wọ̀nyí fún àjọ tí irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ àti àwọn ará abúlé jọ wà nínú rẹ̀, kí bàbá ìsàlẹ̀ olóṣèlú tó gbà á tán.

Oṣù Kejìlá kò jìnnà. Nígbà tí àwọn ọmọ ẹbí bá ti Èkó, Lọ́ńdọ̀nù àti Houston dé ni wọ́n sábà máa ń fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀ títà. Kí ẹnì kan nínú wọn gbé ìwé kejì, ìwé àjọ alágbàtọ́, dání wá sí ìpàdé, kó sì ní kí wọ́n kà á sétí gbogbo ilé kí wọ́n tó pe olówó wọlé.